Èèkù Ìbọn Oyèwálé

Ẹni tó wọ ilé Oyèwálé ní Springdale, l'Amẹ́ríkà, kò jí nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé lọ́sàn-án gangan. Ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó wà nínú fíríìjì kaná, ó jẹun, ó fọ abọ́, ó sì dojú abọ́ náà délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, Oyèwálé wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń sùn, nítorí iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, sítóòfù ṣì gbóná. Wúrà ìyàwó rẹ̀ wà níbi tó wà, tẹlifíṣọ̀n náà wà níbi tó wà.

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n wo ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá ẹni tí wọ́n mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba oorun lójú Oyèwálé. Olè tó kó ẹrù lọ, a mọ ohun tó wá ṣe. Èyí tó jẹun tó tún fọ abọ́, kí ló wá wò?

Ọdún tí wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá ní Landover ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún 1997. Oyèwálé ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti ṣe tíṣà nílé kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ní Landover, síkọ́ríìtì ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan: ó ń jókòó nínú yàrá dígí kékeré, ó ń wo àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń wọlé tó ń jáde. Tọ́ọ̀ṣì àti rédíò nìkan ni wọ́n fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ, òun ló máa ń gbé àpò ọrẹ kiri, àwọn ọmọdé kì í sì í sá fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó lè sọ pé ọkùnrin yìí yóò ra ìbọn.

Ó ra á. Ìbọn dúdú gbọọrọ ni. Lókè ló kọ́kọ́ gbé e sí, lẹ́yìn náà ló gbé e wá sí pálọ̀, ó fi í ti ẹ̀gbẹ́ àga kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sùn lórí ibùsùn mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, orí àga yẹn ló ń sùn sí.

Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Kò bá a jà nígbà tó gbé ìbọn náà dé. Ohun tó ń já a láyà kì í ṣe olè. Ìdùnnú ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó wà ní háìskúùlù.

Láti kékeré ni Monísọ́lá ti kọ́ ọmọ yìí pé bí bàbá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ilé kò gbọ́dọ̀ ró gbì. Ìdùnnú mọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ láìdún. Á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan rìn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, torí ilẹ̀kùn iwájú máa ń ké. Àwọn ìyá ìjọ máa ń yìn ín: ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó tó tún lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí. Nísinsìnyí, bí Monísọ́lá bá rò ó níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún aláìsàn, á jọ̀wọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀. Ọmọ òun ń wọ ilé bàbá rẹ̀ bí olè ṣe ń wọ ilé.

“Máa pariwo kó o tó ṣílẹ̀kùn,” ló sọ fún un.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má pariwo.”

“Mo mọ ohun tí mo sọ. Ìgbà yẹn nìgbà yẹn. Pe bàbá rẹ láti ìta.”

Ìdùnnú pè é lẹ́ẹ̀kan. Oyèwálé jí, ó ní ṣé inú ọjà ló rò pé òun wà ni. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́, ó sì padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ láti inú aṣọ ìlédìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ọjọ́ kan kì í yọ ọ́ kúrò.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tu Monísọ́lá nínú: ọkọ rẹ̀ kò mọ ìbọn yìn. Rasaq, tí òun àti Oyèwálé jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń bá a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò. Bí wọ́n bá dé, Rasaq kì í lè pa á mọ́ra.

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú,” ló sọ lọ́jọ́ kan nídìí tábìlì oúnjẹ, “ẹni tí ẹ̀gbọ́n bá dojú ìbọn kọ, kó má sá o. Ibi tó bá sá sí lọta máa bá a.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́,” ni Oyèwálé wí. “Iwájú ìbọn náà ló wúwo.”

“Iwájú ìbọn, àbí iwájú tiyín?” Rasaq na ìka sí ikùn rẹ̀. Oyèwálé pàápàá rẹ́rìn-ín. “Ẹ lọ ra èèkù sí i, ẹ̀gbọ́n. Ó wà. Wọ́n ń dè é mọ́ abẹ́ ìbọn lápá iwájú, á yọ sísàlẹ̀ gbọọrọ bí èèkù àdá. Òsì yín á dì í mú, ìbọn ò ní lè mira. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá tíì tẹ èèkù, ìjà wo ló fẹ́ jà?”

Monísọ́lá ń bu ọbẹ̀. Ó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò. Gbígbọ̀n tí ìbọn yẹn ń gbọ̀n ló ń ṣọ́ ọmọ òun.

Ó sì mọ ohun tó ń mú un gbọ̀n, ohun tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Oyèwálé. Ìyá àgbà rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ló mú un jáwọ́ nínú lílo òsì. Ó fi àkísà di ọwọ́ náà, ó fi ata gígún ra ìka rẹ̀, torí òsì la fi ń ṣe ohun tí a kì í sọ níbi oúnjẹ, a kì í sì í nà án sí àgbà. Nígbà tí ọmọ náà fi dé iléèwé, ó ti ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ó ń fi ọ̀tún kí ènìyàn, ó sì gbà pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Ẹni tó ń bá a sùn nìkan ló mọ̀. Bí ife bá já bọ́, òsì rẹ̀ ló ń hán an. Bó bá ń jà lójú àlá, òsì ló fi ń lu ògiri. Monísọ́lá kò sọ ọ́ rí. Kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń sọ fún ọkọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Oyèwálé lọ ra èèkù náà, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun á bá a lọ. Inú ọkọ rẹ̀ dùn sí i. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú ọ̀nà Greenbelt. Joshua tó ni ín, dúdú Amẹ́ríkà ni, sójà tẹ́lẹ̀, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kó èèkù méjì sórí tábìlì onígíláàsì tó fi ń tajà. Igi ni ọ̀kan. Wọ́n ti gbẹ́ ojú ìka sí i lára, ó sì jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ni ojú ìka náà gbà, nítorí òsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń di iwájú ìbọn mú. Rọ́bà dúdú ni èkejì, ó rí roboto bí ọmọ odó, kò ní ojú ìka kankan, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Ọwọ́ wo lo fi ń yìn ín?” ni Joshua bi í.

“Ọ̀tún.”

Joshua mú aṣọ ìnuwọ́ kan lórí gíláàsì, ó sì jù ú sí i. Òsì Oyèwálé ló hán an. Joshua wo ọwọ́ náà.

“Ó dá ọ lójú?”

“Nílùú tiwa, a kì í fi òsì ṣe nǹkan.”

“Ìbọn ò mọ ìlú yín, ọ̀rẹ́ mi. Ojú tó bá lágbára jù ni wọ́n fi ń wò ó, ọwọ́ tó bá wà lápá ibẹ̀ ni wọ́n fi ń fà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí èèkù tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́.”

“Ọ̀tún ni mo sọ.”

Joshua yíjú sí Monísọ́lá. “Màdáàmù?”

Gbólóhùn kan péré ni. Bó bá sọ ọ́, wọn á yí ìbọn náà padà sí ọwọ́ tó yẹ, kò sì ní gbọ̀n mọ́. Ó rí Ìdùnnú lọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé.

“Ọ̀tún ni,” ló wí.

Oyèwálé mú èèkù onígi. Ìka òsì rẹ̀ jókòó sínú ojú ìka náà dáadáa, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Monísọ́lá gbé méjèèjì wò. Ó rò pé èyí tó wúwo jù ni yóò da ìbọn náà rú jù.

“Bàbá Ìdùnnú, ẹ mú onírọ́bà yìí. Èyí lágbára. Igi lè là.”

“Àbí?” Ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì. “O ti wá ń bá mi dá sí i. Ó dáa, onírọ́bà náà la ó mú.”

Bí Monísọ́lá ti rò ó ló rí. Èèkù náà kò tún nǹkan kan ṣe. Ní ibi ìdánrawò, bébà tí wọ́n ń yìnbọn sí kò ní ju ihò kan tàbí méjì lọ, létí-létí. Rasaq ní kí ẹ̀gbọ́n kúkú sọ èèkù náà lu olè. Monísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Oyèwálé ni kò sùn. Ó ń bèèrè ẹni tó sún àga. Ó ń jáde lọ wo koríko ẹ̀yìnkùlé bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́. “Ẹni tó fọ abọ́ máa ń padà wá,” ló máa ń sọ. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń retí àlejò, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Nígbà tí ewé igi àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó ti ń fa aṣọ fèrèsé bo gbogbo ilé lójúmọmọ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn olùkọ́ ní ìpàdé, iléèwé Ìdùnnú sì jáde ṣáájú àkókò. Kò rò ó. Ó gba ẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà, ó yí kọ́kọ́rọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ṣí láìdún.

Oyèwálé kò mọ ìgbà tí òun dìde. Kó tó la ojú tán, ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń dì í mú. Ìdí ìbọn wà léjìká òsì, ìka òsì wà níbi tí wọ́n ń fà. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà síwájú, ó bá èèkù roboto yẹn pàdé, ó sì gbá a mú. Èèkù onígi kì bá tí gba ọwọ́ ọ̀tún. Èyí gbà á, bí ìgbà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ẹnu ìbọn dúró sí àyà ọmọ rẹ̀, kò mì rárá.

“Dádì,” ni Ìdùnnú wí.

Ó mọ̀ ọ́n. Kò yìnbọn. Ṣùgbọ́n kò tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ òsì, ó wo ọ̀tún, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí ọmọ náà kò tíì rí rí.

“O rí i? Kò gbọ̀n. Ìdùnnú, kò gbọ̀n.” Ó sọ ìbọn náà kalẹ̀ díẹ̀, ó padà jókòó sórí àga. “Jáde, kí o tún wọlé. Bó o ṣe wọlé yẹn gan-an. Mo fẹ́ rí bí mo ṣe ṣe é.”

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Ìdùnnú. Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò mú bàtà rẹ̀. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ títì títí ó fi dé ilé epo, ó sì ti ibẹ̀ tẹ ìyá rẹ̀ láago níbi iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ kò yé Monísọ́lá. Ohun tó sọ tẹ̀lé e yé e: “Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú.”

Monísọ́lá kò gba iwájú ilé kọjá. Ó gbé ọmọ rẹ̀ nílé epo, ó wà á lọ tààrà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ Ọmọ́kẹ́mi ní Greenbelt. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó fóònù sílé. Agogo náà dún títí kí Oyèwálé tó gbé e.

“Níbo lọmọ yẹn wà? Mo ti ń dúró dè é láti ọ̀sán.”

“Ó wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá Ìdùnnú, ṣé ọta wà nínú ìbọn yẹn?”

“Ìbọn tí kò lọ́ta nínú, igi ni.” Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó tutù. Ó ti pẹ́ tí Monísọ́lá ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. “O mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni gbogbo ẹ̀? Mo ti ń tiraka látìgbà yìí. O ṣeun tó o ní ká mú onírọ́bà. Onígi yẹn kì bá bá mi ṣe é.”

Monísọ́lá bojú wẹ̀yìn. Ọmọ́kẹ́mi ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ Ìdùnnú nínú bésìn.

“Ẹ gbé ìbọn yẹn padà fún Joshua,” ló wí. “Bó bá ti jáde nílé, a ó wálé.”

“Ta ni yóò wá máa ṣọ́ yín?”

“A ò sí níbẹ̀ mọ́. Ta lẹ ń ṣọ́?”

  “Dúró ná,” ni Oyèwálé wí, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sápá ẹ̀yìn ilé, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò dún tó ti ológbò. Monísọ́lá tẹ́tí. Ó rò ó bóyá Rasaq ló yà wò ó kó tó lọ síbi iṣẹ́, tàbí ọmọ aládùúgbò tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ó pariwo orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, Oyèwálé, orúkọ tí kò fi pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ìdùnnú gbé ojú sókè.

Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tó padà.

“Afẹ́fẹ́ ni,” ni Oyèwálé wí. “Ẹ máa bọ̀ nílé. Kẹ́ ẹ ṣáà ti jẹ́ kí n mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé.”

Monísọ́lá kò sọ ìgbà kankan fún un.