Fẹ́yìsetán Kì Í Sọ Ibi Tó Ń Gbé

Bí ẹ bá bi Fẹ́yìsetán léèrè ibi tó ń gbé, Òkìtìpupa ló máa sọ. Bí ẹ bá bi í ní aago tó máa wọkọ̀ lọ sílé, á ní aago mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ló ti máa wọ̀ ọ́. Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Abereke létí òkun ni ilé rẹ̀, omi ló sì ń gbà débi iṣẹ́, lásìkò tí àwọn agbébọn ń dá ọkọ̀ lọ́nà lójú omi, tí wọ́n ń kó èèyàn wọ igbó. Gbogbo ẹni tó ń gbé ojú omi nígbà náà ló ń ṣe bíi tirẹ̀. O kì í sọ àsìkò ìrìnàjò rẹ, o kì í sọ ti ẹlòmíràn, bí àjèjì bá sì bi ọ́ nípa ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀, o kò mọ̀ ọ́n rí. Olùkọ́ kan tó wá láti òkè ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ aago tí ọkọ̀ òun máa gbéra, nílé oúnjẹ kan n'Ígbókòdá. Àwọn tó gbọ́ ọ ti lọ dúró dè é lórí omi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Akọ̀wé ni Fẹ́yìsetán ní yunifásítì kan tó wà létí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun àti Tabitha, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni wọ́n jọ ń lọ jọ ń bọ̀, torí pé wọ́n ti ti ilé-ìwé Abereke pa látìgbà tí ìbọn ti dún níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìbọn tún dún lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, Tabitha sì dojú bolẹ̀ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ inú ọkọ̀. Látọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dé èbúté báyìí, ọmọ náà á di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, á máa gbọ̀n. Ohun tí Fẹ́yìsetán ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju yàrá kan lọ ní kọ́tàsì àwọn òṣìṣẹ́, kí òun àti ọmọ òun lè sùn láì ronú ọkọ̀ ọ̀la.

Àsìkò náà ni yunifásítì ní òun fẹ́ pààrọ̀ ímeèlì. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ẹni tó bá ráyè ló ń ṣí i. Ní ti tuntun, kálukú ló máa ní tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àbdùlláhì ni wọ́n mú wá láti Ìlọrin láti tò ó. Ó ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kí ni nọ́ńbà fóònù yín? Ìlú wo lẹ ń gbé? Ta ni ká pè bí nǹkan bá ṣe yín?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kọ Fẹ́yìsetán lóminú. Kí ló fẹ́ ṣe òun? Kí ni ímeèlì fẹ́ fi ẹbí èèyàn ṣe? Àwọn agbébọn gan-an kò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọkùnrin náà. Nírọ̀lẹ́, ó rí i léèbúté tó na fóònù sókè sọ́nà omi, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó tún rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ó parí, ẹni tó ń ta àwọn fún agbébọn nìyí. Nígbà tó kan tábìlì rẹ̀, ó fún Àbdùlláhì ní nọ́ńbà síìmù kan tó ti já sómi tipẹ́, ó ní Òkìtìpupa lòun ń gbé, ó sì ní òun kò lẹ́nì kankan. Inú rẹ̀ dùn. Ìfura loògùn àgbà, òun sì ti lo oògùn náà dáadáa.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gá àgbà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní nítorí ààbò, àwọn tó ń gba orí omi wá síṣẹ́ ni àwọn máa fún ní yàrá ní kọ́tàsì, ìwé yàrá kálukú sì ti ń bọ̀ nínú ímeèlì tuntun. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, fóònù ti ń dún lápò àwọn èèyàn. Ti Fẹ́yìsetán kò dún. Ó sáré lọ ṣí ímeèlì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun ti fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Fóònù wo? Ọ̀dọ̀ ẹja ni nọ́ńbà náà lọ.

Ó wá Àbdùlláhì lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlláhì, ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, kò rí bẹ́ẹ̀."

Àbdùlláhì kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, mo ti pe nọ́ńbà yẹn títí. Àwọn sìkìọ́rítì sì ti ní kí n mú orúkọ ẹni tó bá parọ́ fún mi wá. Wọ́n ní ẹnìkan wà láàárín wa tó ń ta àwọn tó ń wọkọ̀."

"Ṣé èmi lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin náà ò rò ó sí mi ni? Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣọ́ mi léèbúté. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wá níbẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ímeèlì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí omi."

Ojú ti Fẹ́yìsetán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbà á gbọ́ tán. Síbẹ̀ ó sọ òtítọ́. Ó sọ Abereke, ó sọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, ó sì sọ orúkọ ìyá rẹ̀ tó wà nílé. Ó ń ṣe é bíi kó tún gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Yàrá kan ló kù," Àbdùlláhì wí. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ti di méjì. Ó dìgbà tí ọ̀gá sìkìọ́rítì bá rí ẹ̀rí pé orí omi lẹ ń gbà kí n tó lè yí àkọsílẹ̀ yín padà."

Jákọ́bù lorúkọ ọ̀gá sìkìọ́rítì náà, ará Ìbàdàn ni. Ó ní òun ò lè bá a dé Abereke, ẹ̀rù omi ń ba òun náà. Ó ní kó ṣáà fi ọlọ́kọ̀ tó ń gbé e han òun, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkàn Fẹ́yìsetán balẹ̀. Olówòkéré ló ń gbé e látọjọ́ tó ti gba iṣẹ́. Bàbá náà mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ náà ló gbé òkú ọkọ obìnrin náà wálé.

Wọ́n bá Olówòkéré léèbúté tó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," Jákọ́bù wí. "Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí? Ṣé lóòótọ́ ni pé Abereke ló ń gbé?"

Olówòkéré wo bàtà dúdú ẹsẹ̀ Jákọ́bù, ó wo rédíò tó ń pariwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá wo Fẹ́yìsetán, tí kò mú Tabitha dání bó ti máa ń ṣe.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí.

Fẹ́yìsetán fi èdè Ìlàjẹ bá a sọ̀rọ̀ kíá. "Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Kò sí ewu. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Olówòkéré ti rí ẹni tí wọ́n fipá mú kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tú okùn ọkọ̀ lára òpó, ó sì fi ọ̀pá tì í kúrò létí èbúté.

"Ẹni yìí?" ó wí fún Jákọ́bù. "Mo gbọ́ pé Òkìtìpupa ló ń gbé."

Jákọ́bù kò bá a jiyàn. Ó di Fẹ́yìsetán lápá mú, ó sì gbé rédíò sẹ́nu, ó ní òun ti rí ẹni tí wọ́n ń wá. Olówòkéré rọra mi orí sí obìnrin náà láti orí omi, bí ẹni tó ń sọ pé kó fọkàn balẹ̀, òun ò ní sọ. Fẹ́yìsetán fẹ́ bínú sí i, kò rí i ṣe. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n bi léèrè nípa bàbá náà, ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn.