Ẹran Tí Mo Gún Lódó

Ohùn odó ló kó bá mi. Ní Ìlọ́bù nígbà yẹn, bí odó bá ti ń dún lọ́sàn-án Sátidé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé iyán ń bọ̀, ẹni tí kì í yà kí yín á sì ṣàdédé rántí yín. Ẹran màlúù ni mo ń gún ní tèmi. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata, wọ́n ní kí n gbé ẹran mi kúrò nídìí ẹ̀rọ àwọn, ta ló fẹ́ jẹ ata tó ń rùn bí ẹran? Mo bá gé e wẹ́wẹ́, mo dà á sódó.

Nǹkan bí ọdún 1994 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà tó kọ́ wa ní oúnjẹ sísè ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ló fi oúnjẹ àwọn ará Súwídìn hàn wá: ẹran lílọ tí a pò mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ, ẹyin àti àlùbọ́sà, tí a ṣe roboto, tí a dín ní bọ́tà, tí a wá fi ìyẹ̀fun, omi ẹran àti mílíìkì se ọbẹ̀ funfun sí. Mi ò mọ ibi tí Súwídìn wà. Mo ṣáà gbà pé oúnjẹ tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá á yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Ọkàn bàbá mi ni mo fẹ́ yí. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí èmi náà ṣe tíṣà. Èmi ń fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ ní poli. Wọ́n ní kí n se ohun tí mo mọ̀ ọ́n sè, àwọn á jẹ ẹ́ kí àwọn tó fèsì.

Mo ń ro ọbẹ̀ náà kó má baà dì kókó, inú mi ń dùn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ti ń gbọ́ odó yín láti ọ̀ọ́kán." Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó ti bàbá mi. Iṣu sísè ni mo gbé kalẹ̀, torí mi ò rí ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́ rà, pẹ̀lú ẹran roboto nínú ọbẹ̀ funfun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó títí.

"Kí wá lo gún?"

"Ẹran ni, bàbá."

Wọ́n kọjú sí bàbá mi. "Ṣé o rí ọmọ rẹ? Iṣu tó yẹ kó gún, ó sè é. Ẹran tó yẹ kó sè, ó gún un. Ta ló sọ fún un pé mo ti di akáyín?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹran àgbà máa ń tóbi, ó máa ń ní eegun, àgbà á sì fà á ya lójú ọmọdé. Èmi ti sọ ti àgbà àti ti ọmọdé di ìwọ̀n kan náà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n jẹ ẹ́! Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n bù sí i, wọ́n fi iṣu nu abọ́ títí ó fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mumi, wọ́n ní ọmọ ilé àwọn kan ò ní í lọ sí poli lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ẹran fún àgbà. Mo wo bàbá mi. Wọ́n ń jẹun lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi pè mí sẹ́yìnkùlé. "Oúnjẹ àná yẹn mà dùn o. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́." Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú ni.

Mo di tíṣà, iṣẹ́ náà ò sì pa mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì jókòó lọ́jọ́ yẹn, tèmi wọ́. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Mo ti dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí wọ́n sọ tinú wọn lójú mi. Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń dùn mí. "Ó dùn" péré ni mo ń retí kí wọ́n sọ lójú ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti wá sọ ọ́ fún mi, níbi tí kò ti wúlò fún mi mọ́.