Òwú Pupa Tí Ji-an Fi Kọ Orúkọ

Ọdún méjìléláàádọ́ta ni Bu Chun-ok ti ń wọ òkun erékùṣù Jeju lọ kó ìgbín òkun, láìsí ẹ̀rọ tí yóò fi mí, àfi kó sé èémí. Omi kò dẹ́rù bà á rí. Aṣọ ló dẹ́rù bà á.

Ji-an, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Toronto, ló ṣe aṣọ náà. Oṣù mẹ́ta ló fi fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ àwọn obìnrin mẹ́wàá tó jọ ń wọ omi lábúlé náà, Chun-ok pẹ̀lú wọn, sára aṣọ funfun, kó lè gbé e lọ sí ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà nílùú ńlá. Ó ní òun fẹ́ kí ayé mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó gbé e wá sí Jeju, tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá, ẹsẹ̀ Chun-ok kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ta ló ní kó o fi òwú pupa kọ ọ́?"

"Èmi náà ni, Ìyá àgbà. Pupa ni ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ni ẹ̀mí. Àbí kò dáa?"

"Òkú ni wọ́n ń fi pupa kọ orúkọ ẹ̀. Gbogbo ìwé tó o kà lọ́hùn-ún, kò sí èyí níbẹ̀?"

Ji-an fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá rí i pé ìyá àgbà ti ń fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kó lọ wọ omi yẹn wò ná.

"Ẹ má bínú. Màá tú u."

"Ìwọ tó kọ ọ́ ni kó o tú u. Má sì jẹ́ káwọn yòókù gbọ́."

Ji-an tú u tán nírọ̀lẹ́. Chun-ok gbé aṣọ náà sójú fèrèsé. Ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ láìku ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, èèyàn ṣì lè ka orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹyin ni ohùn lóòótọ́, àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́: kò ṣé kó padà.

Lọ́jọ́ kejì, òkun parọ́rọ́. Chun-ok purọ́ pé etí ń dun òun, àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì wọ omi. Orí àpáta ló jókòó sí, tí ẹ̀rù ń bà á, tó ń ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń yọ. Yang Sun-deok, ọ̀kan nínú wọn, pẹ́ nísàlẹ̀. Chun-ok ti dìde, ó ti bọ́ bàtà, kí obìnrin náà tó yọrí tó sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn gun òkè tán, Ji-an di ọwọ́ Chun-ok mú.

"Ìyá àgbà, wọ́n pé. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Tòní nìyẹn," ni Chun-ok wí.