Àwọn Ènìyàn Amọ̀ Tí Katikíìsì Kó Kúrò Lọ́jà'ba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rojọ́ ohun tójú mi rí fún yín. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi irọ́ kún un.

Ìyá mi ń ṣàìsàn l'Ékòó. Ìyá Àgbà tó bí i kò sì fẹ́ wọ rélùwéè lọ wò ó. Ogun kó ìlú Ìyá Àgbà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ohunkóhun tó bá ń kó èrò lọ rẹpẹtẹ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó ní, "Àkànní, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni mo ń rí, n ò rí àwọn tó ń bọ̀."

Kí ni kí n ṣe? Mo ní rélùwéè kékeré kan tí mo rà bọ̀ láti òkè òkun, èyí tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ yí kó tó sáré. Mo to irin rẹ̀ yípo sórí tábìlì nílé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, mo sì kọ́ Ọjà'ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ta aṣọ funfun sẹ́yìn, mo fi aró kun ojú ọ̀run, mo ya òkè Màpó. Ilé tó jìnnà, mo ṣe é kéré. Mo fi koríko bo òrùlé, mo tún ta ẹrẹ̀ sí ìdí ògiri bí òjò ṣe máa ń ta á. Ìyá Àgbà tó jẹ́ amọ̀kòkò ló fi amọ̀ mọ àwọn èèyàn àti ewúrẹ́ inú rẹ̀. Ó ní bí rélùwéè bá yípo tí àwọn èèyàn òun ṣì dúró, òun á wọ rélùwéè gidi lọ s'Ékòó.

Katikíìsì ìjọ wa ṣáájú wa débẹ̀! Èkíní, kò bi mí. Èkejì, ó pe ọmọ amọ̀ ní òrìṣà. Ẹ̀kẹta, ó kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n, ó gbé e sínú òjò! Ewúrẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀. Ṣé ewúrẹ́ nìkan ló ń gbé Ìbàdàn ni?

Èmi ò mọ̀, mo mú Ìyá Àgbà wá wò ó. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo ṣí aṣọ tí mo fi bò ó. Rélùwéè ń sáré, òpópónà ṣófo.

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Àkànní, ta ló kó wọn?" Ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Mo sáré jáde, mo bá agbọ̀n nínú òjò, wọ́n sì sọ fún mi pé katikíìsì ló gbé e síbẹ̀.

Mo lọ ka ẹ̀ṣẹ̀ katikíìsì sí i létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbọ́ ti ìyá mi, ojú tì í. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, èmi ni mo kó wọn, kì í ṣe rélùwéè."

"Ìwọ lo kó wọn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bó bá fẹ́ gbé èèyàn mì, kó ti ara rẹ bẹ̀rẹ̀!"

Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe gbéra. Ìyá Àgbà di ẹ̀wù katikíìsì mú pinpin títí a fi sọ̀ l'Ékòó, títí ó fi fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi o! Bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ò bá yé yín, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ta ni wọ́n ti ṣe irú èyí fún nínú yín? Ẹ kọ ọ́ wá, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń bínú.