Tọ́ọ̀ṣì Tó Dojú Délẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní elékèé, kó pè mí. Àyọ̀, ọmọ mi, wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ká ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, òun ni ì bá jẹ́rìí mi.

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ìrẹsì ni ọkọ mi ń gbé gba ojú odò àti ọ̀nà igbó lápá Ìpokíà. Ó jáde nílé, kò padà. Ìyá ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ọmọ òun ní òkú. Èmi náà ò wá mọ̀ bóyá opó ni mí ni, àbí ìyàwó tó ń retí ọkọ.

Ilé bàbá àgbà kan n'Ílaròó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ti ń gbálẹ̀. Àwòrán tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ló kún ara ògiri rẹ̀, ìtàn òrìṣà àwọn ará Gíríìkì. Ọ̀kan wà tí n kì í lè wò pẹ́: obìnrin kan sùn, ọkọ rẹ̀ tí òkun gbé lọ dúró létí ibùsùn, omi ń kán lára rẹ̀. Ọmọdé abìyẹ́ kan dojú ògùṣọ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

"Ògùṣọ̀ tó bá dojú délẹ̀, ikú ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ," Bàbá wí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá, níbí, onífàyàwọ́ nìyẹn o! Bí ọkọ mi ṣe ń mú tọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí iná."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti ba iṣẹ́ òyìnbó jẹ́."

Ọ̀sán gangan kan nínú ọyẹ́, mò ń nu eruku lára àwòrán yẹn. Àyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, irú ẹ̀rín tó máa ń rín bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i létí.

Mo yíjú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọkọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Bàbá Àyọ̀, ṣé ẹ ti jẹun?" Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó wá sí mi lẹ́nu.

"Rọra," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n á gbọ́ wa."

Àyọ̀ nawọ́ sí i. Omijé bò mí lójú. Kí n tó nù ún, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo.

Bàbá wọlé, ó tẹ omi mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ mi dúró sí. Mo ròyìn gbogbo ohun tí mo rí fún un. Kò bi mí bóyá irọ́ ni mò ń pa.

"Ògùṣọ̀ inú àwòrán ti kú bí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín nìkan ló ń rú," ó ní. "Tọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń tàn?"

N ò wò ó. Ojú ọkọ mi ni mo ń wò.

Wọ́n ti ṣí bọ́dà báyìí. Mo ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ẹnìkan, bó bá yọ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.