Bí Mo Ṣe Lọ Gbọ́ Orúkọ Ọmọ Mi ní Niu Yọ́ọ̀kì

Ìkirè ṣì ń sùn nígbà tí Lásún, ọmọ Ìyá Káfáyá, gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Àkùkọ kò tíì kọ. Ó gbé báàgì mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó wò mí lójú.

"Màmá, báàgì yìí mà fúyẹ́ o. Ṣé Amẹ́ríkà náà lẹ ń lọ ni àbí Àpòmù?"

Mo ní kó jẹ́ kó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹrù wà tí mo fẹ́ fi gbé bọ̀.

Ẹrù ọmọ mi ni. Adéṣínà, àkọ́bí mi, kú sí Niu Yọ́ọ̀kì nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Líà ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n Líà kò mọ ìyẹn. Bí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a ó máa gbọ́ ọ lẹ́yìn, "Ṣínà! Ṣínà!", àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú, a kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí èmi bá pe orúkọ náà lórí fóònù, yóò dákẹ́, tàbí kó yí ọ̀rọ̀ sí òmíràn.

Ọlátúnjí, àbúrò ọkọ mi, kò fi bò fún mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tó ti gbàgbé ọkọ, kí ni aṣọ ọkọ ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ lọ kó o bọ̀, kí okùn já."

Mo gbà láti lọ. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ohun tí mo ń wá ju aṣọ lọ. Mo fẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu obìnrin tó fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí n kò bá gbọ́ ọ, á jẹ́ pé òótọ́ ni Ọlátúnjí sọ, mo máa kó aṣọ, mi ò sì ní ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún mọ́.

Láti Ìkirè dé Àsẹ́jíré, kòtò ni Lásún ń yẹ. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi dé Ìkẹjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò ìrẹsì kan. Nínú bàálù, Ngọ́zí, obìnrin ará Ówẹ̀rì kan, ló bá mi di bẹ́líìtì. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì tí kò rí ata rí. Mo jẹ díẹ̀, mo gbé ìyókù sílẹ̀.

Fẹ́mi, ọmọ Bàbá Kẹ́hìndé tó ń rán bàtà nídìí ọjà wa, ló pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, Jàmáíkà ló sì ń gbé. Ẹ má rò pé erékùṣù tó wà lórí omi ni mò ń sọ. Àdúgbò kan ni nínú Niu Yọ́ọ̀kì, ọjà àti ariwo ni ṣáá. Ó ra ẹ̀bà àti ọbẹ̀ fún mi ní dọ́là méjìdínlógún, ẹran méjì. Mo ní kó dá a padà.

"Màmá, ẹ jẹun jàre. Tí ẹ bá ń ka owó níbí, ebi ló máa pa yín."

Lẹ́yìn náà la wọ sọ́bùwè, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀. Èrò kún inú rẹ̀ bí ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò kí ẹnì kan. Mo kí obìnrin tó jókòó tì mí, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Lópin rẹ̀ la wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń lọ sí Sítátìn Áílándì, erékùṣù tí Líà ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni. Ní ìlú tí wọ́n ti ń gbowó lórí ilẹ̀ tí o gbé mọ́tò sí, ọkọ̀ ojú omi ló wá jẹ́ ọ̀fẹ́!

Líà ń dúró dè wá ní èbúté. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi títí, kò sọ ju "Màmá" lọ. Pọ́ọ̀tì Ríṣímọ́ńdì, àdúgbò kan níbẹ̀, ni ilé rẹ̀ wà, ilé onípákó kan láàárín àwọn ilé onípákó. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ báyìí, mo wo ògiri. Nínú fọ́tò pálọ̀ yìí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa nígbà kan, àwòrán ìgbéyàwó wọn wà lára ògiri lókè àga. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ìṣó nìkan ló kù. Mo sọ fún Fẹ́mi pé, "Ṣé o rí i?" Ó ní òun rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Líà fi mọ́tò gbé mi lọ síbì kan, kò sọ ibẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo rí òkúta funfun ní ìlà-ní-ìlà, mo mọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo yí ojú sí ògiri tó wà ní òdìkejì, mo fi aṣọ borí. Ó dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Lẹ́yìn náà ó dá lọ, ó dá bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, yóò wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wà.

Nígbà tó di ọjọ́ tí Fẹ́mi kò lọ síṣẹ́, Líà ní ká wá wo ibi iṣẹ́ òun. Inú ìran àwọn onílẹ̀ ló ti wá, ìyẹn àwọn tó ni Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó wọ̀ ọ́. Òun ni olórí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìran wọn ní yunifásítì kan. Nínú gbogbo èrò yunifásítì yẹn, àwọn ọmọ ìran wọn kéré débi pé pálọ̀ mi á gba gbogbo wọn. Àwọn ọmọ Ìkirè tó wà ní Ifẹ̀, bí gàrí bá tán, wọ́n á sáré wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ilé àwọn wọ̀nyí jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò rí yàrá, ẹni tí ebi ń pa, ẹni tó fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́ kó máa lọ, ọ̀dọ̀ Líà ni wọ́n ń wá.

Bá a ṣe débẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marísà jókòó, ó ń sunkún. Ìyá àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tíṣà rẹ̀ sì ní ìdánwò kò ní dúró dè é. Líà gbé fóònù. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò jọ ẹ̀bẹ̀.

"Kí ló ń wí?" ni mo bi Fẹ́mi.

"Ó ní ọmọ náà ń lọ sílé, Màmá. Ó ní ìdánwò ló máa dúró."

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀: àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé nínú ìkòkò kan. Mo ní, "Àdàlú rèé!" Kí wọ́n tó jẹun, ọkùnrin kan dìde, ó kí àwọn tó ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Ó wú mi lórí, torí àwa náà kì í wọ̀lú ká má kí onílẹ̀. Mo bi Fẹ́mi níbo ni onílẹ̀ náà ń gbé.

"Wọ́n ti lé wọn lọ tipẹ́, Màmá. Kíkí ló kù."

Wọ́n ní èmi ni mo dàgbà jù, kí n sọ̀rọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ló gbé mi dìde. Mo ní, "Èmi ni mo bí Adéṣínà, ọkọ olórí yín. Ẹ ò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Mo sì ké pè é bí a ti ń ké pe òkú wa: "Adéṣínà o! Àjàní o! Àjàní ọmọ mi, ṣé o gbọ́?"

Marísà bo etí, ó sáré jáde. Ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ Líà. Òun náà jáde.

Fẹ́mi fà mí tẹ̀lé Líà. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti bá a, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Fẹ́mi ń tú u fún mi ní ẹyọ ní ẹyọ.

"Màmá, nínú ìdílé tiwa, àti ti Marísà pẹ̀lú, ẹni tó bá ti lọ, a kì í pe orúkọ rẹ̀ títí ọdún á fi yípo. A kì í wo àwòrán rẹ̀. Tá a bá pè é, á bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Lójoojúmọ́ ni orúkọ yẹn ń dé ètè mi, tí mò ń gbé e mì. Mi ò fẹ́ kó bojú wẹ̀yìn."

Mo jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Mo gbé yín dé ẹsẹ̀ ibojì rẹ̀, ẹ kọ̀, ẹ ò sọ̀. Mo ní ìyá wo nìyí? Mo ti di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí fún yín, torí mo rí i tí ẹ ń wo kọ́bọ́ọ̀dù, mo rò pé aṣọ nìkan lẹ wá kó."

Mo ní, "Líà, òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ ní ilẹ̀ wa. Èèwọ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín níbí, wọ́n tì mí mọ́lé ní Ìkirè ni."

Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mí ná, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́."

Líà jókòó tì mí sórí ilẹ̀. Mo bi í báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní koríko kò tíì bò ó tán, pé igi kan wà lápá ẹsẹ̀, pé èèyàn máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ láàárọ̀. Mo ní kó máa bá mi dé ibẹ̀. Mo ní èmi náà á máa bá a pe orúkọ náà ní Ìkirè, níbi tí ọ̀nà ọmọ náà kò gbà.

Ká tó lọ, mo wá Marísà rí, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àgbà bí èmi. Ó gbé mi dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Mi ò kó aṣọ bọ̀. Mo sọ fún Ọlátúnjí pé okùn kò já, pé ẹni tó dákẹ́ lórí òkú lè má tíì gbàgbé rẹ̀ rárá. Ó mi orí.

Ọjọ́ tí mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò ló kọ́kọ́ rí mi. Ṣìkírá ló kọ́kọ́ ké, Wúlẹ̀mọ́tù gbè é: "Ìyá Adéṣínà, ẹ káàbọ̀ o! Ìyá Adéṣínà!" Ẹnu gbogbo wọn ni orúkọ náà wà. Ó gún mi láyà. Mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ilé.