Ìṣàn Omi Tó Ní Òpin Méjì

Ọ́fíìsì omi ní Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọdún 1980 ti kọjá díẹ̀, èmi nìkan sì ni obìnrin tó ń jókòó nídìí tábìlì tí a fi ń ya máàpù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa lọ́dún yẹn kò jọ èyí tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan sí Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo odò àti ìṣàn omi Òkè-Ògùn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè wo máàpù kó mọ̀ pé odò nìyí. Nọ́ńbà nìkan ló gbọ́. Àwa la máa sọ odò di nọ́ńbà fún un.

Ọ̀gá mi, ẹnjiníà kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, ló kọ́ mi. Wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀, wọ́n gbé bébà tó ń fi inú hàn lé e lórí, wọ́n sì fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ibi tí odò ti wọ́. Wọ́n ní kí n ka ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà lóròó àti ní ìbú, kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

"Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin," wọ́n ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni omi ti ń ṣàn lọ sí òpin. Tí ìlà méjì bá pàdé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí o fún ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Tí o bá fún un ní méjì, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé wọ́n pàdé rárá. Lójú tiẹ̀, omi dúró síbẹ̀ nìyẹn."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Màmá mi máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń ka odò fún ìjọba, wọ́n á sì bi í pé mélòó ló kù.

Ìṣàn kékeré kan wà lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ tó fún mi ní wàhálà. Ó ti orí òkè bọ̀, ó dojú kọ odò Òfìkì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àbàtà kan, ìlà rẹ̀ pòórá lórí máàpù. Ó tó ìbú èékánná kí ìlà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ya fọ́tò tí wọ́n fi ṣe máàpù náà, igi sì ti bo ilẹ̀ níbẹ̀.

"Fi rúlà so ó pọ̀," ni ọ̀gá mi wí.

Mo gbé rúlà, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bíńtín yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ohunkóhun tí a bá kọ lẹ̀rọ máa gbà gbọ́, sà."

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ tó ń lọ kó iṣu ló já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé abà kan létí omi. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n omi ṣì kún. Bàbá àgbàlagbà kan ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe lábẹ́ igi. Òun ló ń tu àwọn àgbẹ̀ kọjá sí oko wọn nígbà òjò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkọ̀ á sinmi, òun náà á gba oko ọkà bàbà rẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba."

"Oo, ọmọ mi. Ṣé kí n tù ọ́ kọjá ni?"

"Rárá o, Baba. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí omi yìí ń lọ ni."

Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí dáadáa, ó sì kọjú sí ilé. "Ìyá Ìbejì, jáde wá o. Wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń béèrè."

Ìyàwó rẹ̀ ń tiro bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wọ́ láti orúnkún. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì na ẹsẹ̀ náà síwájú.

"Gbogbo wa la gbà nígbà kan pé Òfìkì nìkan ló ń lọ," ó ní. "Lọ́dún kan, bàbá yìí ń ṣàìsàn, èmi ni mo tukọ̀ lọ kó iṣu lóko. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí mo dé àbàtà, ọkọ̀ kọlu kùkùté, ó dojú dé. Mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, omi sì ń gbé mi lọ."

"Odindi abà la fi wá a," ọkọ rẹ̀ sọ. "Ọ̀nà Òfìkì la gbà. Ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí gbòǹgbò igi tí a ò wo abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn èèyàn ti ń bá mi kẹ́dùn."

"Bẹ́ẹ̀ n kò sí lápá ibẹ̀ rárá," ìyá náà ní.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Tí omi bá kún kọjá ibì kan, àbàtà á ya ẹnu sí ọwọ́ ọ̀tún, omi á sì dà sínú àfonífojì mìíràn, níbi tí ìṣàn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó bá tiwọn tan. Ibẹ̀ ni omi gbé e lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín igi méjì, ó sì kán. Àwọn àgbẹ̀ abà kan ló fà á jáde, wọ́n bá a to eegun rẹ̀, wọ́n sì ń bọ́ ọ. Ó sọ ibi tó ti wá fún wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní omi ibẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ibà ló ń mú un sọ̀sọkúsọ.

"Àwọn ìbejì mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà náà," ó ní. "Ọmú mi ń kún, ó ń ro mí. Ìyá ọlọ́mọ kan níbẹ̀ ló máa ń gbé ọmọ tiẹ̀ wá kó mu ún."

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnì kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé abà ọ̀hún tó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá tù mí dé àbàtà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: apá kan koríko tẹ̀ sí ìhà Òfìkì, apá kejì tẹ̀ sí ọ̀tún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ṣakí, ọ̀gá mi mi orí. "Omi kan kì í ní òpin méjì. Fọ́ọ̀mù yìí ò fàyè gbà á."

Mo sọ ìtàn ìyá náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ìtàn," wọ́n ní.

"Nọ́ńbà ló ń gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nọ́ńbà."

Mo fi hàn wọ́n. Àmì kan ṣoṣo ní ojú ibi tí omi ti yà, kí ìlà méjì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpin tiẹ̀. Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí a ti ń kọ irú omi tó jẹ́: oókan fún èyí tó ń ṣàn yí ọdún po, eéjì fún èyí tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo kọ ẹẹ́ta síwájú ìlà kejì, ìyẹn omi tó ń ṣàn kìkì nígbà tí odò bá kún.

Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ọjọ́ mélòó lo ní wọ́n fi wá a?"

"Mẹ́ta, sà. Lójú ọ̀nà tí omi ò gbé e gbà."

Wọ́n buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kó gbogbo máàpù jáde, kí a wá gbogbo ibi tí ìlà ti já, pàápàá àwọn tí a ti fi rúlà so. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn yẹn la fi lọ bi àwọn àgbẹ̀ léèrè, láti Òfìkì títí dé apá Ìpàpó. Ọ̀gá mi fúnra wọn lọ ju ìgbà mẹ́ta lọ, wọ́n á padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní bàtà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ya àwòrán odò wa jáde tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún tọkọtaya náà. Ìyá Ìbejì ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e ka orí ìlà, láti abà wọn dé àbàtà, mo sì yà sí ọ̀tún pẹ̀lú rẹ̀. Ó dá ìka náà dúró.

"Abà àwọn tó tọ́jú mi ńkọ́?"

Omi nìkan ló wà lórí bébà. Mo yọ báírò, mo bi í bóyá etí omi gan-an ni wọ́n wà tàbí wọ́n jìnnà díẹ̀, mo sì fi àmì kékeré kan síbẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n mú un tóbi sí i.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé mi lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí mo ń lọ, ọmọbìnrin tó gba tábìlì mi ní Ṣakí yẹ àwọn fọ́ọ̀mù wò, ó sì bi mí ohun tí ẹẹ́ta ń ṣe níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé oókan àti eéjì nìkan ni wọ́n kọ́ òun. Ọkọ̀ ti ń dúró dè mí níta. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.